Ta Ni Ó Dìbò Fún Pàṣán Náà?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn alágbára àti àwọn tí ń jẹun lábẹ́ wọn. Wọ́n ní ènìyàn kò ṣe é bá da nǹkan pọ̀ bí kò bá sí pàṣán; bí a bá ní kí ará ìlú fúnra wọn pinnu, oníkálukú yóò kó tirẹ̀ sápò. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, bí ẹni pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a ka ìwé náà dé òpin.

Ní ọdún 2002, Ernst Fehr àti Simon Gächter tẹ ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ 240 jọ ní Zurich, wọ́n pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní owó 20. Ohun tí o bá dá sínú àpò àjùmọ̀ní, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín, títí kan ẹni tí kò dá kọ́bọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí gbogbo yín bá dá 20, 32 ni yóò kan olúkúlùkù. Bí mẹ́ta bá dá 20, tí ẹnì kan di tirẹ̀ mọ́wọ́, 24 ni àwọn mẹ́ta yóò gbà, olójúkòkòrò yóò sì ní 44! Abájọ tí owó tí wọ́n ń dá fi ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí a wá gbà wọ́n láyè láti jẹ ara wọn níyà, tí owó kan tí o bá san yóò gba mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí o bínú sí, owó àpò gòkè.

Àwọn alágbára ní, ẹ ò rí i, pàṣán ni! Ṣùgbọ́n ta ni ó mú un lọ́wọ́? Kì í ṣe ọ̀gá ológun. Àwọn tí wọ́n jọ ń dá owó ni, láti inú àpò ara wọn, sí ẹni tí wọn kò tún ní bá pàdé mọ́ nínú eré náà.

Gächter fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Benedikt Herrmann àti Christian Thöni, gbé irú ìdánwò yìí dé ìlú 16, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Ní Boston àti Copenhagen, ẹni tí kò dá owó ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ní Athens àti Muscat, ìyà púpọ̀ ń bọ́ sórí ẹni tí ó dá owó dáadáa! Níbi tí ìyẹn ti pọ̀, pàṣán kò ran àpò lọ́wọ́. (Kò sí ìlú Áfíríkà kan nínú 16 náà, kí ẹnikẹ́ni má fi bú wa.)

Èyí tí wọn kì í kà fún wa nìyí. Ní 2010, Pedro Dal Bó, Andrew Foster àti Louis Putterman ti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò bóyá kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Kọ̀ǹpútà sì ń ṣẹ́ kèké: nígbà mìíràn ìbò wọn ló borí, nígbà mìíràn ẹ̀rọ ló yan òfin fún wọn. Òfin kan náà, owó ìtanràn kan náà. Síbẹ̀ àwọn tí ìbò wọn mú òfin wá fọwọ́sowọ́pọ̀ ju àwọn tí ẹ̀rọ gbé e lé lórí lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwọn ẹni rere ló pọ̀ níhà kan, wọ́n fi àwọn tí ó dìbò bákan náà wé ara wọn. Ìyàtọ̀ náà kò parẹ́.

Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2009, ti bá James Walker àti Roy Gardner kọ irú èyí ní 1992: àwọn tí ó jókòó sọ̀rọ̀, tí wọ́n fúnra wọn yan ìjìyà, pa àdéhùn wọn mọ́.

Kí n má sì fi tiwa bò. Nínú ìjọ pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta a bu owó ilé, a kà á jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, a sì bá àwọn tí kò san wí pé ọkàn wọn le. Ta ni ó bi wọ́n? Ẹ̀yin aláṣẹ, nínú ìjọ àti ní ìlú, tí ẹ bá tún fẹ́ sọ pé ìwádìí ló ní kí ẹ má ṣe bi àwọn ènìyàn léèrè, ẹ fi ojú ewé rẹ̀ hàn wá.