Nípa Ríra Alùpùpù Ìrìn-àjò Tí Ẹlòmíràn Ti Lò

Àgbẹ̀ tí ó bá lọ sí ọjà láti ra ewúrẹ́ kì í wo awọ rẹ̀ nìkan. A máa ya ẹnu ẹran náà láti wo eyín rẹ̀, a máa fi ọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀, a sì máa jẹ́ kí ó rìn díẹ̀ kí ó lè mọ̀ bí ẹsẹ̀ kan bá ń tiro. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan náà bá fẹ́ ra alùpùpù ńlá, ọ̀dà pupa tí ń dán àti irin funfun tí ń tàn yanran ni yóò fa ojú rẹ̀ mọ́ra, yóò sì ka owó sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọgbọ́n tí ó fi ra ewúrẹ́ kò bá a dé ibi tí irin wà.

Kì í ṣe alùpùpù kékeré tí a fi ń gbé èrò láti ojúde ọjà dé ilé ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, bí kò ṣe irú èyí tí a ṣe fún ọ̀nà jíjìn, tí ó ní àga fún ẹni méjì, àpótí ẹrù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti gíláàsì níwájú tí ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Púpọ̀ nínú irú wọn tí ń bẹ ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ tòkunbọ̀. Nínú wọn, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Gold Wing, tí ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Jàpáànì kọ́kọ́ fi han ayé ní ọdún 1974. GL1500 jáde ní ọdún 1988, GL1800 sì tẹ̀lé e ní 2001. Àwọn méjèèjì yìí wúwo ju kìlógíráàmù 350 lọ, èyíinì ni àpò sìmẹ́ǹtì méje, kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, kí a tó di ẹrù lé e. Bí táyà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ nígbà tí ó ń sáré ní ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, tí aya ẹni tí ń wà á sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni yóò ṣòfò.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ olùrà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Máìlì mélòó ni ó ti rìn?” Bí aago ẹ̀rọ bá fi iye kékeré hàn, inú wọn a dùn. Ìdùnnú yìí kò ní ìpìlẹ̀ tó. Alùpùpù ìrìn-àjò ni a ṣe kí ó lè máa rìn. Dídúró ni ó ń pa á. Nígbà tí ó bá dúró fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ òrùlé, epo inú rẹ̀ a di ohun tí ń lẹ̀ bí oje igi, a sì dí àwọn ihò tíntìntín tí epo ń gbà kọjá. Inú táńkì a dípẹtà. Rọ́bà gbogbo a gbẹ, a sì sán. Omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin láti inú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ènìyàn kò gbé ṣe ń tètè wó. Alùpùpù tí ó ti rìn 100,000 kìlómítà lọ́wọ́ ẹni tí ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, tí ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, sàn jìnnà ju èyí tí kò rìn ju 15,000 lọ láàrin 20 ọdún. Pẹ̀lúpẹ̀lú, aago ṣeé pààrọ̀, ó sì ṣeé yí padà. Kí olùrà wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, èyí tí ọwọ́ ń dì mú, àti awọ àga. Bí aago bá wí pé 10,000, tí rọ́bà ẹsẹ̀ sì ti jẹ tán, rọ́bà ni kí ó gbà gbọ́.

Táyà ni ó yẹ kí ó fi ṣáájú. Lára rẹ̀ ni a kọ lẹ́tà DOT sí, tí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn sì tẹ̀lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ni olùrà ń wá: 2316 túmọ̀ sí pé ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni a ṣe táyà náà. Ọdún 2000 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní mẹ́rin báyìí. Èyí tí ó bá ní mẹ́ta péré ti dàgbà ju ẹni tí ó lè gbé ènìyàn lọ. Bí ó ti wù kí ojú táyà jinlẹ̀ tó, bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí a bọ́ ọ kúrò. Ìmọ̀ yìí wúlò fún ẹni tí ń ra táyà ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ń kun táyà àlòkù ní dúdú kí ó lè dà bí tuntun kò níye.

Rọ́bà mìíràn wà tí a kò rí láti òde. Àwọn Gold Wing tí a ṣe ṣáájú GL1800 ní bẹ́líìtì rọ́bà méjì níwájú ẹ́ńjìnnì, èyí tí ń mú kí àwọn fáfù ṣí kí wọ́n sì padé lásìkò. Bí ọ̀kan bá já, písítìnnì a lu fáfù, ẹ́ńjìnnì tí ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ a sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́líìtì kì í ké kí ó tó já. Bí ọlọ́jà kò bá lè fi ìwé hàn pé ní ọdún báyìí ni a pààrọ̀ wọn, kí olùrà kà wọ́n sí ògbó, kí ó sì yọ iye owó tuntun kúrò nínú iye tí yóò san. GL1800 kò ní wàhálà yìí, nítorí séènì irin ni a fi sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀: ní òpin ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Honda pe ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà, nítorí bíréèkì ẹ̀yìn lè máa di àgbá mú nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, a sì máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi lè sọ. Lẹ́yìn tí a bá ti gùn ún díẹ̀, kí a gbé e dúró, kí a fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀yìn. Bí kò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, a ti mọ ibi tí ọ̀ràn wà.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, kí olùrà ránṣẹ́ sí ọlọ́jà ṣáájú pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣáná sí i títí a ó fi dé.” Bí ó bá dé, kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan ti mú un gbóná kí àléébù má baà hàn, nítorí ẹ̀rọ tí kò fẹ́ jí ní òwúrọ̀ a máa jí wàrà ní ọ̀sán. Nígbà tí ó ṣì tutù ni kí ó wo ọ́ìlì: bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣáná sí i, kí olùrà sì dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró fífẹ́lẹ́ fi hàn pé ọ́ìlì ń jó. Èyí tí ó dúdú jẹ́ ti epo tí ó pọ̀ jù. Funfun díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná, omi rédíétọ̀ ni ń jó pẹ̀lú epo.

Àwọn kan nínú alùpùpù wọ̀nyí ní ẹ̀rọ orin. Olùrà a sì máa wà tí yóò fi ìdajì wákàtí gbọ́ orin, tí kò ní tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀kan. Omi bíréèkì yẹ kí ó mọ́ bí oyin tí ó fẹ́lẹ́. Bí ó bá ti di pupa rúsúrúsú, a kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún méjì-méjì ni ó yẹ. Kí a gbé àgbá iwájú kúrò nílẹ̀, kí a sì yí ọwọ́ alùpùpù jẹ́jẹ́ láti òsì sí ọ̀tún. Bí ó bá há díẹ̀ ní àárín gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kòtò kan wà níbẹ̀, bíárín ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Kí a wo ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bí ọ́ìlì bá ń sun níbẹ̀. Bátìrì tí ó dára a máa fi nǹkan bí 12.6 fóòtì hàn nígbà tí ẹ̀rọ sùn, a sì gòkè sí bíi 14 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá gòkè, iná rẹ̀ kò ní gbé e dé ibi tí ó ń lọ.

Ìwé kò kéré sí irin. Nọ́ńbà 17 tí a tẹ̀ sí ọrùn alùpùpù gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí a bá rí i pé a ti fi fáìlì ha ibẹ̀, kí olùrà máa lọ sí ilé rẹ̀. Ẹni tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ń bá a rà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àǹfààní kan: àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT ni a ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye máìlì, ìjọba sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ èyí tí ìwé rẹ̀ ní àmì salvage, èyíinì ni pé ó ti fara pa tàbí omi ti mù ún rí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adójútòfò fi pa á tì. Ìjì Harvey nìkan, ní Texas ní ọdún 2017, rì ọkọ̀ tí kò níye. Irú rẹ̀ a máa di ohun tí a tún kùn, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí a ṣí àga, kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, kí a wo inú àpótí àti ibi tí wáyà ti pàdé, bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìpẹtà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀.

Mẹkáníìkì tí yóò bá olùrà lọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ọlọ́jà mú wá, kò sì dára kí ó jẹ́ ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn bí òwò bá ṣe. Kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, yálà a rà tàbí a kò rà, nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ yóò lè sọ pé kò dára. Owó táyà méjì, bátìrì àti bẹ́líìtì ni kí wọ́n kọ sórí ìwé kí ìnájà tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá sì ti rà á, kí a pààrọ̀ ọ́ìlì, omi rédíétọ̀ àti omi bíréèkì, ohun yòówù kí ọlọ́jà ti wí. Ìrìn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Accra tàbí Lomé. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ àti àbọ̀ rẹ̀ ti tó, láìgbé ẹnikẹ́ni sí ẹ̀yìn. Kí a sì tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí a lè rí ohun tí yóò kán sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.