Ayálégbé Abẹ́ Afárá
Lọ́dún 2024, ìjọba Èkó lé àwọn tó ń gbé lábẹ́ afárá Dolphin ní Ìkòyí. Yàrá 86 ni wọ́n bá níbẹ̀. Kọmíṣọ́nnà Tokunbo Wahab ní wọ́n ń san nǹkan bíi 250,000 náírà lọ́dún. (Ní Ìgbẹmọ wa, yàrá tó ní òrùlé gidi lowó yẹn máa gbà!)

Lóṣù June ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbà kí ìlú Grants Pass máa bu owó ìtanràn lé aláìnílé tó bá sùn sí gbangba. Ti Èkó yàtọ̀. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹni tó ń sanwó ilé, ayálégbé là ń pè é. Bí ayálégbé bá wà, ẹnìkan ló ń gbowó. Ẹni náà ni kí òfin kọ́kọ́ mú, kó dá owó wọn padà, kí wọ́n lè rí ibòmíràn sùn.