Ọbasá ní Agége, Harman ní Peckham: ta ló ni àga aṣòfin?

Ọjọ́ 49 péré ni Mojísọ́lá Meranda lò gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2025, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó sì padà di igbákejì. Mudashiru Ọbasá, tí wọ́n yọ ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní, tún gba àga rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí àwọn òbí yín ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ní Rye Lane, ohun tó wà nídìí rẹ̀ rèé.

Ta ni Ọbasá?

Ọmọ Agége ni, ọdún 1972 ni wọ́n sì bí i. Nígbà tí ìjọba ológun kógbá wọlé ní 1999, ó di kánsílọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Agége lábẹ́ ẹgbẹ́ AD. Ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU. Ní 2007 ó wọ ilé aṣòfin láti ṣojú ẹkùn Agége kìíní, ó sì ti ń wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìdìbò láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹfà 2015 ó di olórí ilé lẹ́yìn Adéyẹmí Ikuforiji, tóun náà ti lo ọdún mẹ́wàá. Gómìnà kò gbọdọ̀ lò ju sáà méjì lọ, ṣùgbọ́n òfin kò fi gbèdéke sí sáà aṣòfin.

Iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe kan yín níbí. Lábẹ́ Ọbasá ni wọ́n ṣe òfin ìdáàbòbò dúkìá ti 2016, tó dojú kọ àwọn ajàgùngbalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí òbí rẹ̀ fowó ránṣẹ́ láti Peckham ra ilẹ̀ l'Ékòó mọ ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Báwo ló ṣe lọ, báwo ló ṣe padà?

Ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè yọ olórí wọn. Nínú aṣòfin 40 tó wà l'Ékòó, ó lé ní 30 tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ̀sùn ìwà àìtọ́ àti ìnákúnàá owó kàn án nígbà tó wà l'Amẹ́ríkà. Ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kẹrin, lẹ́yìn tó ti padà sípò, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá a láre pé ìyọnípò náà kò bófin mu.

Àmọ́ ilé ẹjọ́ kọ́ ló dá a padà sípò. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ APC, pàápàá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní GAC, ló dá sí i títí tí àwọn tó yọ ọ́ fi tún yàn án. Àwọn tó gbè wọ́n lẹ́yìn á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà wà lọ́jà, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Ará Agége ló dìbò fún Ọbasá, ará Àpápá ló dìbò fún Meranda. Nínú gbogbo ìjà yìí, ohùn wọn kò jáde.

Ṣé pípẹ́ nípò ni àrùn?

Rárá o. Harriet Harman ṣojú àwọn ará Peckham láti oṣù kẹwàá 1982 títí di 2024, kí Miatta Fahnbulleh tó gba ipò rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 42. Ẹ má sì rò pé tibí yàtọ̀ pátápátá. Ní Peckham, ẹgbẹ́ Labour ló máa ń wọlé. L'Agége, APC ni. Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìdíje gan-an ti máa ń parí kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń yan ẹni tí yóò díje.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú níbí lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan aṣòfin Peckham, nítorí pé ọmọ Commonwealth ni. Ẹni kan náà kò lè jókòó sí Peckham dìbò fún Agége, nítorí Nàìjíríà kò tíì fàyè gba ìdìbò láti òkè òkun. Owó wa ń dé Èkó lójoojúmọ́, ìbò wa kò dé ibẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti pé ọdún 18, ẹ forúkọ sílẹ̀ níbí, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń yan olùdíje ní àdúgbò yín. Ní ti Èkó, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi àwọn olóṣèlú tó bá wá kí wa ní London: ta ló yàn yín, ta sì ni ẹ máa ń jábọ̀ fún?