Apá tó ń jù fúnra rẹ̀: Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó pè é ní ọwọ́ ayé

Bí apá ìyá àgbàlagbà kan bá ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì, tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà ń ta, tí kò sì lè dá a dúró, ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé ọwọ́ ayé ni. Bó ṣe lè rí ní Ìbàdàn ló ṣe lè rí ní Derrière la Prison, àdúgbò ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Libreville, olú ìlú Gabon, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Nàìjíríà àti Benin ti ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Àmọ́ ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá ga jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ṣe àkóbá fún ibi tó ń darí bí ara ṣe ń mira nínú ọpọlọ. Bó bá jẹ́ ìhà òsì ọpọlọ ló kàn, ìhà ọ̀tún ara ni yóò máa jù. Hemichorea ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn àgbàlagbà, pàápàá obìnrin, ló ń ṣe jù. Nígbà mìíràn, òun gan-an ni àmì àkọ́kọ́ pé ẹni náà ní àtọ̀gbẹ. Àwòrán ọpọlọ rẹ̀ tiẹ̀ lè jọ ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ.

Ó gbóògùn. Bí wọ́n bá fi insulin àti omi mú ṣúgà náà wálẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìdádúró ló léwu, nítorí ṣúgà tó ń ga sí i lè dá ènìyàn kú lọ gbári, ó sì lè pa á. Bó bá sì jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni, ilé ìwòsàn náà ni ọ̀nà.

Lọ́dún 2021, àjọ International Diabetes Federation ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 àgbàlagbà ló ní àtọ̀gbẹ ní ẹkùn Áfíríkà, àti pé èyí tó ju ìdajì wọn lọ kò mọ̀.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka ti tó fún àyẹ̀wò. Kí arìnrìnàjò má ṣe jẹ́ kí òǹkà tàn án: 1.26 tí wọ́n kọ ní Libreville lórí ìwé àyẹ̀wò ẹni tí kò tíì jẹun kì í ṣe kékeré. Òun náà ni 126 tàbí 7.0 níbòmíì, ibẹ̀ sì ni àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí ìjọba fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò yìí sí gbogbo ilé ìwòsàn àdúgbò. Kí pásítọ̀, ààfáà àti babaláwo náà sì kọ́kọ́ bèèrè pé: ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà wò? Àdúrà kò dí àyẹ̀wò lọ́wọ́.