Bí Ojú Bá Ń Ṣe Bàìbàì, Ẹ Yẹ Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Wò



Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà àsálátù, ẹ wo ìlà iwájú dáadáa. Ẹ ó rí àgbàlagbà tó gbé Kùránì jìnnà sójú, tó tún fà á mọ́ra, tó wá pa á dé, tó ń fi etí tẹ̀ lé ohun tí àwọn yòókù ń kà. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní, "Àgbà ti dé." Àwa náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì ṣe "Àámín" sí àdúrà ẹ̀mí gígùn.

Ọ̀rọ̀ "àgbà ti dé" yìí ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò. Lóòótọ́, ọjọ́ orí ló ń fa kàtáráàtì jù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò tíì pé 55 ọdún bá ń sọ ọ́, kí á má tètè gbà fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣúgà ló ṣáájú àgbà dé.

Lẹ́yìn ọmọlójú, Ọlọ́hun dá dígí kékeré kan síbẹ̀ tó mọ́ gaara bí omi tó tòrò. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá sí ẹ̀yìn ojú. Bí dígí yìí bá ṣú, bí ìgbà tí èéfín bo gíláàsì àtùpà, òun ni a ń pè ní kàtáráàtì. Kì í ṣe awọ tó hù sórí ojú, kò sì sí oògùn ojú tí a lè kán sí i kó fọ̀ ọ́ kúrò.

Báwo ni ṣúgà ṣe débẹ̀? Dígí náà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Inú omi tó yí i ká ló ti ń jẹun. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò pọ̀ nínú omi yẹn, yóò sì wọ inú dígí. Níbẹ̀, apá kan rẹ̀ á di oríṣi ṣúgà mìíràn tí kì í tètè jáde, tó sì ń fa omi mọ́ra, dígí á wá wú. Díẹ̀ díẹ̀, ó ń ṣú. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹlòmíràn fi ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan: lónìí ó ríran, lọ́la bàìbàì. Ẹni tó bá sáré lọ ra awò ojú ní irú àkókò yẹn lè rí i pé kò bá òun mu mọ́ kó tó pẹ́. Awò kọ́ ló bàjẹ́, ṣúgà ni kò dúró sójú kan.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín àwọn tí kò tíì pé 65 ọdún, kàtáráàtì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní ìlọ́po 3 sí 4 ju àwọn tí kò ní in lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá ikùn pẹ̀lú ṣúgà sì máa ń rìn pọ̀ bí ọmọ ìyá. Bí a bá rí ọ̀kan, kí á wá èjì tó kù.

Nílé wa níbí, wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007. Wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè. Nínú 100 tí ojú wọn ti fọ́, kàtáráàtì ló fọ́ ti 43. Ojú tí iṣẹ́ abẹ lè là ni o! Ìwádìí náà tún fi hàn pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kàtáráàtì sí, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú ni wọ́n bọ́ sí. Àwọn yẹn kì í yọ nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n ń ti dígí tó ṣú náà ṣubú sẹ́yìn ojú. Ìmọ́lẹ̀ lè yọ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á gba owó, wọ́n á lọ. Ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ pátápátá.

Àmì kan wà tó ń tan àgbà jẹ. Ẹni tó ti ń fi awò kàwé láti ọdún mẹ́wàá á ṣàdédé máa kàwé láì lo awò. Ilé á gba "Alhamdulillaah", wọ́n á ní àdúrà ti gbà. Kí á dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí á lọ yẹ ojú náà wò, nítorí kàtáráàtì tó ń le láàárín dígí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó ṣú.

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀san ńlá wà fún ẹni tó pàdánù ojú rẹ̀ méjèèjì tó sì ṣe sùúrù. Hadiisi rẹ̀ wà nínú Bukhari. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (S.A.W) kan náà ló pàṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Ẹni tí kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kò tíì dé ibi tí a ti ń ṣe sùúrù.

Ẹ̀rù ìrun sì ń ba ẹlòmíràn: "Bí wọ́n bá ní kí n má tẹrí ba, kí omi má sì kàn mí lójú ńkọ́?" Islam kò ni wá lára. Aláìsàn lè jókòó kírun, kó fi orí ṣe àpẹẹrẹ ìforíkanlẹ̀. Ọ̀nà ìrọ̀rùn wà fún àlùwàlá náà. Ẹ bi àáfà yín. Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún kì í pẹ́, ojú nìkan ni wọ́n sábà máa ń kùn lóorun, wọ́n á fi dígí àtọwọ́dá rọ́pò, ọ̀pọ̀ sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Láti Moniya, ẹni tó bá wọkọ̀ gba Òjóò lè dé UCH, tó ti wà láti 1957. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bí ṣúgà bá ga, dókítà lè sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Bí wọ́n bá sì yọ kàtáráàtì tán, ṣúgà tí a kò kápá ṣì lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́, èyí tí dígí tuntun kò lè tún ṣe.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí á ra ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò àti èyí tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa máa lò ó ní àsálátù àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Bí ó bá jẹ́ 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá tó 126 sókè, kí onítọ̀hún lọ rí dókítà fún àyẹ̀wò kejì, kí wọ́n sì yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Èkejì, níbi wòlímọ̀, fìdáù àti ìṣínu wa, kí omi ṣáájú mínírà. Ànábì kọ́ wa pé kí á fi ìdá mẹ́ta ikùn pín fún oúnjẹ, omi àti èémí. Àwa ń fi gbogbo rẹ̀ fún oúnjẹ, a tún ń wá ibi tí mínírà á wọ̀. Ẹ̀kẹta, kí á ya apá kan sàdáká wa sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú àwọn tí kò ní.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìjọba ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni bàbá tó pa Kùránì dé yẹn ń jókòó sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan péré ló máa gbà kí á mọ̀ bóyá àgbà ló dé ni, tàbí ṣúgà.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú wa àti ọkàn wa. Àámín.