Owó Ò Lè Lé Yìnyín Kúrò Lọ́nà

Lójú àwọn olówó ìlú òyìnbó, fàájì ńlá ni kéèyàn háyà ọkọ̀ bọ̀gìnnì, kó gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta mẹ́rin, kó sì fi bí ọjọ́ márùn-ún wa ọkọ̀ la àárín òkè Alps kọjá. Ṣùgbọ́n owó nìkan ò tó o!

Ẹ wo ọ̀nà Stelvio ní Ítálì, tí wọ́n là láàárín ọdún 1820 sí 1825. Ó ga tó mítà 2,757. Kọ́nà 48 ló wà ní apá kan rẹ̀ nìkan. Bí ìgbà òtútù bá dé, yìnyín á bò ó, wọn á sì tì í pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì láì kọ́kọ́ béèrè, gbèsè ló rà.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló wá léwu jù. Dẹ́rẹ́bà tó bá ń tẹ búréèkì ṣáá láti òkè délẹ̀, búréèkì á gbóná títí tí kò fi ní mú mọ́. Jíà kékeré ni ọ̀gá awakọ̀ fi ń sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa di ọkọ̀ mú.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ẹrù, bẹ́ẹ̀ náà ni òkè tiwa ṣe rí. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń sáré sọ̀, ẹ pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀sọ̀ la fi ń sọ̀ kalẹ̀ òkè.