Ọkọ̀ Tí Yóò Tún Wáyà Wa Ṣe Ti Jìnnà Jù

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, owó kò lọ, owó kò bọ̀. Ẹni tó ra ọjà l'Ékòó tẹ fóònù títí, tránsífà kò kọjá. Àwọn báǹkì ń bẹ oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù. Ní Gánà, ní Benin, ní Liberia, igbe kan náà ni wọ́n ń ké. Wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun wá láti Yúróòpù, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, ló já lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire.

Ọjọ́ tí èyí bọ́ sí yà wá lẹ́nu. Ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1884 ni àwọn ìjọba tó pàdé ní Párììsì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ààbò wáyà abẹ́ òkun. 140 ọdún géérégé ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ní 1886, ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì, ni wáyà kọ́kọ́ so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn bàbá wa tó ń sọ pé àwọn "tẹ wáyà" sí ẹnì kan mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wáyà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Bí àwa tí a jọ ń lò ó yóò ṣe jọ máa tọ́jú rẹ̀ ni a kò tíì rí ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú sánmà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀, àwòrán àti owó tó ń ti ilẹ̀ kan kọjá sí ilẹ̀ mìíràn lókè òkun, nǹkan bí 99 nínú 100 ló ń gba inú wáyà tó wà nísàlẹ̀ òkun, níbi tí òkun sì ti jìn, wáyà náà kò nípọn ju rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà. Àjọ àgbáyé tí àwọn tó ni wáyà wọ̀nyí dá sílẹ̀, ICPC, sọ pé ìgbà 150 sí 200 ni wáyà ń bàjẹ́ lọ́dún kan. Ìdákọ̀ró àti àwọ̀n ẹja ló ń fa èyí tó pọ̀ jù.

Ti Abidjan yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ omi níwájú Abidjan tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ihò tí kò nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ya nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, kò sí wáyà tó mọ̀ ọ́n sá. Ẹnu odò Kóńgò ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣáájú: ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ya lábẹ́ òkun níbẹ̀, ó sáré ju 1,100 kìlómítà lọ, ó sì já SAT-3 àti WACS. Ní 2023, ó tún ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá tàbí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè wo ni yóò dá ẹrẹ̀ dúró nísàlẹ̀ òkun?

Nítorí náà, kì í ṣe jíjá tí wáyà já ni ẹjọ́ wa. Dídúró tí a dúró de ẹni tí yóò tún un ṣe ni. MainOne ṣàlàyé nígbà náà pé iṣẹ́ àtúnṣe gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó kó ohun èlò, kó sì rìn láti Yúróòpù dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọn aláṣẹ ìbánisọ̀rọ̀ ní Gánà ní ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni nǹkan yóò fi bọ̀ sípò. Ìrìn àjò náà gùn ju iṣẹ́ lọ. Ilé ń jó l'Ágége, Kánò ni panápaná ti ń bọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ gba ọgbọ́n àti sùúrù. Ọkọ̀ á sọ ìwọ̀ irin sísàlẹ̀ òkun, á fi fa ẹnu wáyà kan sókè, á so ó mọ́ ohun tó léfòó kó má baà rì padà, á wá wá ẹnu kejì lọ. Nínú yàrá kan lórí ọkọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ yóò jókòó sí, tí wọn yóò máa so fọ́nrán dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ni wáyà máa ń dáwó jọ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa dúró ní sẹpẹ́ pẹ̀lú oníṣẹ́ àti wáyà àfirọ́pò nínú rẹ̀, bóyá wáyà já ni o, bóyá kò já. Àwọn ìyá wa tó ń dá àjọ lọ́jà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Owó àjọ wà, ọkọ̀ náà wà. Etíkun ẹlòmíràn ló ń sùn. Cape Town ni ibùdó Léon Thévenin, ọkọ̀ tí a mọ̀ mọ àtúnṣe wáyà Áfíríkà.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ni wáyà jọ ní ọkọ̀ kan àti ilé ìkẹ́rùsí kan sí etíkun tiwa yìí. Kó jẹ́ Lomé, kó jẹ́ Tema, kó jẹ́ Èkó, a kò ní jà sí i. Kí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo sì tó fún ọkọ̀ náà láti Dakar títí dé Calabar. Wáyà tó bá já kò mọ ibi tí omi Benin parí sí tí ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí atúnṣe dúró lẹ́nu ibodè omi kan tọrọ àṣẹ, kó tún lọ dúró lẹ́nu òmíràn.

Ẹni tó bá ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe, kó wo òpó gáàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó gba Àgbádárìgì bọ́ sínú òkun, tó sì lọ sí Benin, Tógò àti Gánà. Ní 2003, orílẹ̀-èdè mẹ́rin wọ̀nyí fọwọ́ sí ìwé kan náà lórí rẹ̀, wọ́n sì dá aláṣẹ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Ní oṣù Ògún ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan tí àwọn olè ojú omi kọlù ba òpó náà jẹ́ níwájú Lomé. Omi Tógò ni ìdákọ̀ró ti ṣe ọṣẹ́, gáàsì Nàìjíríà ló wà nínú òpó, Gánà ló sì wà nínú òkùnkùn. Ọdún 2013 ti dé ìdajì kí gáàsì tó padà débẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ́n gan-an. A kò fẹ́ kí a tún san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lórí wáyà.

Nàìjíríà kò sì lè sọ pé òun kò sí níbi tí wọ́n ti ń jíròrò. Ní oṣù Bélú ọdún 2024, ITU, àjọ àgbáyé lórí ètò ìbánisọ̀rọ̀, àti ICPC dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí wáyà abẹ́ òkun. Mínísítà wa, Bosun Tijani, àti Sandra Maximiano láti Potogí ni wọ́n fi ṣe alága. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, Àbújá ni ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé, wọ́n sì gbé ìkéde jáde níbẹ̀. A yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè so wáyà. Ẹni tó jókòó sórí àga alága ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé owó sílẹ̀ fún ọkọ̀ yẹn, kí àwọn tó kù tó dá sí i.

Iṣẹ́ ilé náà ń dúró dè wá. Ní 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ wáyà àti irú ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bò, síbẹ̀ katakata tó ń la ọ̀nà ṣì ń hú okùn fáíbà jáde nínú ilẹ̀ wa. Èkó nìkan ni ọ̀pọ̀ wáyà ti ń gúnlẹ̀, nítorí náà inú wa dùn pé wáyà 2Africa dé Akwa Ibom pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí mẹ́rin já yẹn, wáyà mìíràn tó ń jẹ́ Equiano kò já, àwọn tó ti ra ààyè lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì rí ọ̀nà gbà.

Ó ku àwọn apẹja. Ìwé àdéhùn 1884 yẹn sọ pé apẹja tó bá gé àwọ̀n rẹ̀ tàbí ìdákọ̀ró rẹ̀ sọnù kó má baà ba wáyà jẹ́, ẹni tó ni wáyà ni yóò san owó rẹ̀ fún un. Òfin òkun àgbáyé tòde òní, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 1986, ṣì pa ẹ̀tọ́ yẹn mọ́, bí kò bá ti jẹ́ pé àìbìkítà apẹja náà ló gbé e débẹ̀. Kí àwọn ìjọba etíkun yìí mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí èbúté, kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ewe àti Fante ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì fi ibi tí wáyà gbà hàn wọ́n àti ọ́fíìsì tí wọn yóò ti gba owó àwọ̀n wọn.